Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́ tí ń Kọ̀wé

Kókó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ìbálò láàárín àwọn tí ń kọ̀wé: bí ó ti yẹ kí òǹkọ̀wé máa ṣe sí òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti ewu tí ó wà nínú kí olúkúlùkù máa pariwo orúkọ ara rẹ̀ nìkan.

Níbi ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé ní ọ̀pọ̀ ìlú, ìṣe kan náà ni ojú máa ń rí. Ẹnìkan yóò dìde, yóò gbé ìwé rẹ̀ sókè, yóò sọ iye tí ó ń tà á, yóò sì jókòó. Ẹnìkejì yóò dìde, yóò ṣe bákan náà. Kí ó tó kan ẹni kẹwàá, ẹni àkọ́kọ́ ti jáde lọ. Gbogbo wọn ni ó wá láti tà, kò sí ẹni tí ó wá láti rà. Gbogbo wọn ni ó wá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó wá gbọ́. Bí ènìyàn bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà nínú ìwé ẹni tí ó jókòó tì wọ́n, ó ṣòro kí a tó rí ẹyọ kan tí yóò lè dáhùn. Ọjà tí gbogbo èrò inú rẹ̀ jẹ́ olùtajà, tí kò ní oníbàárà kan ṣoṣo, kì í pẹ́ tú.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí òǹkọ̀wé kéde ìwé rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé, tí ìwé náà sì kún yàrá rẹ̀ dé òrùlé, kò lè pa ẹnu mọ́ kí ó máa retí pé àwọn òǹkàwé yóò fi àlá mọ̀ pé ìwé wà. Ibi tí ọ̀ràn ti bàjẹ́ ni ibi tí ìkéde ti di gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tí kò ka ìwé ẹlòmíràn mọ́, tí inú rẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn, tí ó sì ń wo gbogbo ẹni tí ń kọ̀wé bí ẹni tí ó wá gba oúnjẹ ẹnu òun.

Ìyá tí ń ta ata ní ọjà mọ̀ ju ìyẹn lọ. Bí ó bá fẹ́ lọ kírun, ẹni tí ó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò bá a wo ọjà. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí kò sí ní àtẹ rẹ̀, yóò na ọwọ́ sí àtẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ata ni àwọn méjèèjì ń tà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pẹ̀lú pé ibi tí àtẹ bá pọ̀ sí ni àwọn oníbàárà ń wá, àti pé àtẹ kan ṣoṣo ní ojúde kì í ṣe ọjà. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn.

Ìtàn àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ yìí fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1961, àwọn ọ̀dọ́ kan kóra jọ ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Mbari sílẹ̀. Lára wọn ni Wole Soyinka, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Chinua Achebe, Ezekiel Mphahlele tí ó wá láti Gúúsù Áfíríkà, àti Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Black Orpheus láti ọdún 1957. Àwọn ayàwòrán bíi Uche Okeke àti Demas Nwoko wà pẹ̀lú wọn. Láti ilẹ̀ Ìgbò ni orúkọ náà ti wá. Ní agbègbè Òwèrrè, Mbari ni ilé tí wọ́n máa ń fi ère àti àwòrán kún, tí àwọn tí ìlú yàn máa ń fi oṣù gbáko jùmọ̀ kọ́. Ẹ̀sìn ibẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó ni ín. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé náà mú nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lè di iṣẹ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnìkan dìde láti sọ pé tòun ni.

Kì í ṣe pé ìwà wọn bára mu. Ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà kọ̀wé yàtọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka iṣẹ́ ara wọn, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Mbari ni ó tẹ eré Clark tí ń jẹ́ Song of a Goat ní 1961, ewì Okigbo tí ń jẹ́ Heavensgate ní 1962, àti eré mẹ́ta Soyinka nínú ìwé kan ní 1963. Nígbà náà, kò tíì sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò kárí ayé. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó sì kọ́kọ́ kà wọ́n sí.

Ohun tí ó tún yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí ni pé ẹgbẹ́ náà kò tẹ ìwé ọmọ ilé nìkan. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ń fi òfin di àwọn òǹkọ̀wé lẹ́nu. Alex La Guma jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìbàdàn ni ìwé rẹ̀ A Walk in the Night ti kọ́kọ́ jáde, ní 1962. Ní 1963, Mbari tẹ ewì Dennis Brutus jáde. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu Brutus ní Johannesburg, tí wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ìlú rẹ̀ pa lẹ́nu mọ́ rí ẹnu yá ní Ìbàdàn. Kò sí ìkéde ara ẹni kan tí ó lè ṣe irú èyí fún ẹni tí ó wà lẹ́yìn ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹlòmíràn ni ó ní láti sọ̀rọ̀ fún un.

Láti Ìbàdàn, iná náà ràn dé Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé eré àti ilé àwòrán. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ Mbari, wọ́n fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ di Mbari Mbayọ̀, bí ẹni ń sọ pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀. Ibẹ̀ ni eré Ọba Kò So ti jáde ní 1963, tí ó sì dé ìlú Berlin ní 1964. Ilé náà kò mọ sí ti Ládipọ̀ nìkan. Jimoh Buraimoh, tí ń tọ́jú iná mànàmáná fún eré Ládipọ̀, di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Muraina Oyelami tí ó wá láti Ìragbìjí, àti Twins Seven-Seven, gba ibẹ̀ di ayàwòrán pẹ̀lú. Bí Ládipọ̀ bá ti ìlẹ̀kùn, tí ó ní eré òun nìkan ni kí àwọn ènìyàn wá wò, eré rẹ̀ ì bá ṣì dára. Ṣùgbọ́n Òṣogbo kì bá tí di ohun tí ó dà.

Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn Mbari kò gbọdọ̀ fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Àbùkù kìn-ín-ní ni ti owó. Àjọ kan tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Paris ni ó ń ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Nígbà tí ó di 1966 àti 1967, àṣírí tú pé iléeṣẹ́ amí ìjọba Amẹ́ríkà ni ó wà lẹ́yìn owó àjọ náà. Ó dun ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé náà, nítorí wọn kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá dá owó fúnra wọn, tí wọn kò sì béèrè ibi tí owó ti ń wá, ẹlòmíràn ni ó ni ilé tí wọ́n ń gbé.

Àbùkù kejì ni ti èdè. Ní oṣù kẹfà ọdún 1962, Mbari wà lára àwọn tí ó pe àpéjọ ńlá kan fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní Yunifásítì Makerere ní Uganda. Àwọn tí ń kọ̀wé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n pè. Ngugi wa Thiong'o, ọmọ Kenya, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà, kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ráyè wọlé, ṣùgbọ́n D. O. Fágúnwà, tí ó ti kọ ọ̀pọ̀ ìwé ní Yorùbá, kò lè wọlé, nítorí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ̀wé. Èyí ni ewu tí ó wà nínú gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn tí ó fẹ́ràn ara wọn lè fẹ́ràn ara wọn débi pé wọn kò ní í rí ẹni tí ó dúró síta mọ́. Fágúnwà kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Ní 1968, ìtumọ̀ tí Soyinka ṣe sí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Òǹkọ̀wé tí ó ti ní orúkọ tirẹ̀ jókòó láti ṣiṣẹ́ lórí ìwé ẹlòmíràn, kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá lè mọ ẹni tí ó ṣáájú. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Ní Makerere yẹn náà ni ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ rántí ti ṣẹlẹ̀. Ngugi ní ìwé kan lọ́wọ́ tí kò tíì tẹ̀. Ó mú un tọ Achebe lọ. Nígbà náà, Things Fall Apart tí Achebe kọ ní 1958 ti sọ ọ́ di ẹni ńlá, ó sì ní iṣẹ́ púpọ̀ níwájú. Ó ka ìwé ọmọdékùnrin náà, ó sọ èrò rẹ̀ fún un, ó sì fi ìwé náà han àwọn atẹ̀wé Heinemann. Ní 1964, Weep Not, Child jáde. Ní 1962 bákan náà, Flora Nwapa fi ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Achebe. Achebe fi lẹ́tà dá a lóhùn pé ó dára, ó sì fi owó sínú lẹ́tà náà kí obìnrin náà lè fi ra òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà, Efuru, jáde ní 1966. Ọdún mẹ́wàá, láti 1962 títí dé 1972, ni Achebe fi ṣe olóòtú àgbà fún ọ̀wọ́ ìwé àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà náà, kò sì gba owó oṣù kankan lórí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun kò ní àyè láti ka ìwé ẹlẹgbẹ́ òun, kí ó rántí owó òǹtẹ̀ yẹn.

Nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́. Àwọn ọmọ ilé kéwú mọ ohun tí ń jẹ́ tàkhmís nínú ewì Lárúbáwá. Akéwì kan yóò mú ìlà méjì láti inú ewì ẹlòmíràn, yóò fi ìlà mẹ́ta tirẹ̀ ṣáájú rẹ̀, kí ó lè di márùn-ún. Ohùn àwọn méjèèjì yóò máa dún pọ̀, orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò sì ní í sọnù. Ní Ṣókótó, Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní 1793, ṣe irú iṣẹ́ yìí sí ewì bàbá rẹ̀. Lárúbáwá, Fúlàní àti Háúsá ni ó fi ń kọ̀wé. Bàbá rẹ̀ ń kọ̀wé, Abdullahi àbúrò bàbá rẹ̀ ń kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni Muhammad Bello ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1817, Asma'u wà lára àwọn tí ó ṣètò àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀ kí wọ́n má baà ṣègbé. Obìnrin tí ó ní ewì tirẹ̀ láti kọ kò ka ìtọ́jú ìwé ẹlòmíràn sí àkókò tí ó ṣòfò.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni ti ọdún 1986. Ní 1981, Achebe pe àwọn òǹkọ̀wé jọ sí Nsukka, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà sílẹ̀, òun ni ó sì jẹ ààrẹ àkọ́kọ́. Ọ̀gágun Mamman Vatsa, tí ó jẹ́ akéwì tí ó sì kọ ewì fún àwọn ọmọdé, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó jẹ́ mínísítà fún Àbújá, ó ran ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ láti rí ilẹ̀ gbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìjọba ológun fi ẹ̀sùn kàn án pé ó gbìmọ̀ láti gba ìjọba, wọ́n sì dá ẹjọ́ ikú fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1986, Achebe, Soyinka àti Clark jọ lọ sí ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun Babangida ní Èkó láti tọrọ àánú fún un.

Kí ènìyàn wo àwọn mẹ́ta wọ̀nyí dáadáa. Nígbà ogun abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970, Achebe wà ní ìhà Bíáfírà, Clark wà ní ìhà ìjọba àpapọ̀, Soyinka sì wà ní àtìmọ́lé. Ogun yẹn kan náà ni ó pa Okigbo, ọ̀rẹ́ gbogbo wọn, ní 1967. Ìjà tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ìjà ẹnu lásán. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀mí akéwì kan wà nínú ewu, wọ́n wọ ilé ìjọba pọ̀. Ìpẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́. Wọ́n pa Vatsa ní ọjọ́ karùn-ún oṣù náà. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ó kú láìsí ẹni tí ó bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í fi ìgbà gbogbo ṣẹ́gun. Ohun tí ẹgbẹ́ wà fún ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá nìkan dúró ní ọjọ́ ìpọ́njú.

Kí wá ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ń kọ̀wé lónìí ṣe?

Èkínní, kí ó kà kí ó tó kéde. Ṣáájú kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa ìwé tirẹ̀ níbi ìpàdé, kí ó ti ka ìwé ẹnìkan nínú àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì lè sọ ohun kan pàtó nípa rẹ̀. Kí ó má ṣe wí pé ó dára, kí ó dákẹ́. Kí ó sọ ibi tí ó dára.

Èkejì, kí ó máa sọ òtítọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ìpọ́nni lásán. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń yin ara wọn, tí kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ojú ewé kẹta kò yé òun, ìpolówó ọjà ni wọ́n ṣì ń ṣe. Ohun tí ó yàtọ̀ kò ju pé wọ́n jọ ń pa á lọ. Ní ìkọ̀kọ̀ ni kí ó ti sọ àṣìṣe, kí ìwé tó dé ọwọ́ atẹ̀wé, nígbà tí ó ṣì ṣeé tún ṣe. Kí ó sọ ohun rere inú rẹ̀ ní gbangba lẹ́yìn tí ìwé bá jáde.

Ẹ̀kẹta, kí ó ra ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ń bẹ̀bẹ̀ ìwé ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí ó sì ń ráhùn pé àwọn ènìyàn kò ra tòun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ etí.

Ẹ̀kẹrin, kí ó dárúkọ ẹni tí ó ti rí ẹ̀kọ́ kọ́. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kò gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba èrò ẹlòmíràn tí ó sì bo orúkọ onítọ̀hún mọ́lẹ̀, olè ni, bí èdè rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó fa ẹni tí ó wà lẹ́yìn lọ́wọ́. Kí ẹni tí ó ti tẹ ìwé kan kọ́ ẹni tí kò tíì tẹ̀ ní iye owó bébà, bí wọ́n ṣe ń bá atẹ̀wé dá owó, àti bí wọ́n ṣe ń ka àtúnkà. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò fúnra rẹ̀ ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n máa dá owó, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kà á fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Owó tí gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ó ti wá kì í fún ẹnu pọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé bí òun bá ń ṣe gbogbo èyí fún àwọn ẹlòmíràn, ta ni yóò kéde ti òun. Ìdáhùn wà nínú ìtàn àwọn tí a ti dárúkọ. Lẹ́yìn tí ogun pa Okigbo, kò lè kéde ara rẹ̀ mọ́. Ní 1978, Achebe àti Dubem Okafor kó ewì tí àwọn ènìyàn kọ láti fi rántí rẹ̀ jọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, àkọlé rẹ̀ sì ni pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ó kú. Ìkéde tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ yóò dákẹ́ ní ọjọ́ tí ó bá dákẹ́. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe fún un kò ní òpin kan náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹni tí ó mọ èdè ran ẹni tí ó mọ ìtàn lọ́wọ́. Kí ẹni tí ó mọ atẹ̀wé mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé kan dání tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ni ìwé náà yóò jókòó, yóò máa gbọ́, yóò sì mọ̀ ní ọjọ́ náà pé ohun tí òun kọ dé ibì kan.

Kí Ọlọ́hun fi àǹfààní sí ohun tí ọwọ́ yín ń kọ, kí ó sì fi ìfẹ́ sí àárín ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́. Àmín.